Kásẹ́ẹ̀tì Tó Ń Dúró Gba Èsì

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín tirẹ̀ tán báyìí, nítorí tí mo bá dé àárín ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rín ò ní wù ú mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ṣojú mi kòrókòró. Etí mi ló gbọ́ ọ. Mi ò mu ọtí rí láyé mi, ibà kankan ò sì mú mi lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó ní wọ́n á ní ogbó ti ń da orí mi rú. Kí wọ́n máa wí. Ẹ̀yin ẹ sún mọ́ mi díẹ̀.

Rédíónìkì ni mí. Bí wọ́n ṣe ń pe àwa tí à ń tún rédíò ṣe nìyẹn ní Èjìgbò nígbà yẹn. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Màṣífà, ṣọ́ọ̀bù onípáákó kan tí mo kùn ní búlúù, tí mo fi páànù bò lórí. Mò ń sọ̀rọ̀ ìgbà tí kò tíì sí ẹni tó ń gbé fóònù sápò kiri.

Ojú mi rí nǹkan lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ẹ gbà mí gbọ́. Bàbá kan gbé rédíò rẹ̀ wá láti Ìsúndùnrìn, ó ní kí n bá òun bẹ àwọn tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n dín Gẹ̀ẹ́sì kù. Obìnrin kan fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ fọ kásẹ́ẹ̀tì wáàsí, ó ní ohùn àáfà ti dọ̀tí. Òmíràn gbé tirẹ̀ sínú àmù kí ohùn ọmọ rẹ̀ lè tutù bó ṣe máa ń tutù tẹ́lẹ̀. Òkúta rédíò tó bá ti kú, wọn á sá a sóòrùn. Ìyẹn tiẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí n má purọ́.

Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnu mi mú nígbà yẹn, ara mi sì gbóná. Mo gbà pé kò sí ohun tó wà nínú ẹ̀rọ tí mi ò lè tú sílẹ̀ lórí tábìlì kí n sì fi hàn yín. Ohùn èèyàn tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹ̀fun pupa tín-ín-rín ló wà lára téèpù tó gbà á mọ́ra. Kò ní ẹ̀mí. Kò létí. Bí mo ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ẹ̀yin náà mọ ìlú wa, kò sí agboolé tí kò ní èèyàn ní Àbíjàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa ò sì mọ̀wé, wọn ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa ka ọ̀rọ̀ ilé wọn sókè. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ á jókòó lọ́hùn-ún, á sọ̀rọ̀ sínú rẹ́kọ́dà, á fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Ìyá á gbé e wá sọ́dọ̀ mi, màá bá a fi sínú ẹ̀rọ. Tó bá gbọ́ ọ tán, òun náà á sọ tirẹ̀ sínú òmíràn, dẹ́rẹ́bà á gbé e padà lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Ìyá Ràfíù.

Ọṣẹ dúdú ló ń ṣe. Ọṣẹ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń wẹ̀, ìyá náà fúnra rẹ̀ kì í sì í wọlé kí òórùn ọṣẹ má ṣáájú rẹ̀. Ràfíù nìkan ni ọmọ tó kù fún un láyé. Páàtì kẹ̀kẹ́ ni Ràfíù ń tà ní Àbíjàn, ìyàwó rẹ̀ Sikirá sì wà nílé lọ́dọ̀ ìyá.

Kásẹ́ẹ̀tì Ràfíù yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Àwọn yòókù á máa sáré sọ̀rọ̀ kí téèpù má baà tán mọ́ wọn lẹ́nu. Ràfíù kì í sáré. Á ní, "Màámi, ẹ káàsán o." Lẹ́yìn náà á dákẹ́, ohun tí ẹ ó máa gbọ́ kò ní ju híhó téèpù lọ.

Ìyá á wọ́ ìjókòó sún mọ́ ẹ̀rọ. "Káàsán, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo wà?"

Bó ṣe ń pa ẹnu dé, gẹ́ẹ́ báyìí, Ràfíù á ní, "Dáadáa ni mo wà, Màámi. Alihamudulilahi. Ará ilé ńkọ́?" Á tún dákẹ́.

"Gbogbo wọ́n wà. Sikirá ń kí ẹ."

"Mo kí i o. Màámi, sàvà?"

"Sàvà, ọmọ mi."

Faransé nìyẹn, bí àwọn ará Àbíjàn ṣe ń béèrè bóyá ara le. Òun nìkan ni Faransé tí ìyá náà gbọ́ láyé, ó sì máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, á tún wo ojú wa bóyá a gbọ́.

Ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀ ni. Ó mọ ìwọ̀n èémí tí ìyá náà fi ń dáhùn, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún un. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa nílé. Kò lè kí ìyá rẹ̀ kó má jẹ́ kó dáhùn, wọ́n á ní ọmọ náà ò lẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ inú ẹ̀rọ ló ti kí i.

Ṣùgbọ́n ìyá gbà pé Ràfíù ń gbọ́ òun ni. Bó bá wúkọ́ nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì ń sọ̀rọ̀, á ní, "Má bínú, ọmọ mi, eérú ọṣẹ ni." Ọjọ́ kan ni mo sọ fún un níwájú àwọn oníbàárà pé, "Ìyá, ẹ má fara ni ara yín mọ́. Kò gbọ́ yín o. Ẹ wò ó bí ẹsẹ̀ tó tẹ ẹrẹ̀. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ ti lọ, ojú ẹsẹ̀ ló kù."

Ó gbójú sókè wò mí. Kò bínú. Ó ní, "Rédíónìkì, ọmọ mi, tí kò bá gbọ́ mi, kí ló wáá ń dúró dè?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín. 

Nígbà tó yá, kásẹ́ẹ̀tì Ràfíù ò wá mọ́. Ọdún yípo, kò sí nǹkan kan. Àwọn dẹ́rẹ́bà ní àwọn ò rí i ní ìsọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti Àbíjàn dé wáá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún àwọn ẹbí pé Ràfíù ti gba ọ̀nà ìlú Buaké lọ sí ìgbèríko kan láti wá ọjà, pé àìsàn dá a dúró níbẹ̀, pé àwọn kan ní wọ́n ti sin ín. Kò rí òkú. Kò rí sàréè. Ó kàn gbọ́ ni.

Bàbá Múfú, àbúrò bàbá Ràfíù, ló kù tó jẹ́ olórí ẹbí. Èèyàn líle ni, àmọ́ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò lè wà bẹ́ẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, kí wọ́n kírun òkú fún Ràfíù, kí Sikirá yọ yẹtí kó jókòó opó, tó bá parí opó kí wọ́n fà á fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun, kó má baà lọ.

"Òkú ta ni?" Ìyá ló bi í bẹ́ẹ̀. "Ta ló fi sàréè hàn mí?"

Bàbá Múfú ní, "Ìyá Ràfíù, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ tó ń bẹ láyé, ṣé á wà kó má kí ìyá ẹ̀?"

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí ló dùn ún jù. Ó wọ yàrá lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni, ìrun àìlà tí à ń kí lọ́sàn-án ti kọjá. Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, òjò wínníwínní sì ń rọ̀, irú èyí tí kì í pariwo tí kì í sì í dá. Ojú ọ̀run funfun. Ọ̀nà Màṣífà dá páropáro, àwọn ewúrẹ́ dúró sábẹ́ òrùlé mi wọ́n ń ṣẹ́jú. Òórùn òjé tí mo fi ń lẹ wáyà ń rìn káàkiri inú ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹni tó sùn tí kò sì sùn ni mo rí, tí gbogbo nǹkan jìnnà síni díẹ̀.

Òórùn ọṣẹ ló kọ́kọ́ wọlé. Mo gbójú sókè, Ìyá Ràfíù ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn bo orí, kásẹ́ẹ̀tì tí Ràfíù fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ó ní, "Bá mi fi í sí i. Mo fẹ́ bi í fúnra mi."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ohun tó yẹ kí n fi ẹnu mi yẹn sọ. N kò sọ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí mo fi ń dán kásẹ́ẹ̀tì wò sórí tábìlì, mo ki òkúta sí i nídìí, mo gbé ìjókòó fún ìyá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró ṣàlàyé níbí, nítorí àwọn ọlọ́gbọ́n tó wà láàárín yín. Ẹ̀rọ tí mò ń wí yìí ò lè gba ohùn sílẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì rẹ̀ lára rẹ̀, sísọ nìkan ló mọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì náà pàápàá, èmi fúnra mi ni mo ṣẹ́ eyín kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí a máa ń ṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà gba ohùn mìíràn lé e. Ìyá ló bẹ̀ mí kí n ṣẹ́ ẹ kí ohùn ọmọ rẹ̀ má baà bàjẹ́. Mo sì ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn débi pé mo lè máa kà á lọ láìwo ẹ̀yìn.

Mo tẹ bọ́tìnnì.

"Màámi, ẹ káàsán o."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni mo wà, Màámi. Alihamudulilahi. Ará ilé ńkọ́?"

"Gbogbo wọ́n wà."

"Màámi, sàvà?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí ìyá ti dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn, kí Ràfíù sì béèrè bóyá aṣọ tí òun fi ránṣẹ́ bá a lára mu. Ìyá ò sọ sàvà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu kan ẹ̀rọ náà, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ràfíù, ńbo lo wà?"

Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ aṣọ. Kò wá.

Mo wo ojú gíláàsì ẹ̀rọ náà. Téèpù ń yí, kò há, kò sì dúró. Híhó rẹ̀ ló yí padà. Òjò ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe tiwa, nítorí orí páànù ni tiwa ń rọ̀ sí. Ti inú ẹ̀rọ ń bọ́ sórí ewé, ewé ńlá ńlá, tò, tò, tò, bíi ti oko kòkó. Ẹnì kan wà nínú òjò náà tó ń mí. Ó ń mí bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

"Màámi." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Kò sí ọ̀rọ̀ yẹn nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Láti ìgbà tó ti dé Èjìgbò, kò sí i níbẹ̀ rí.

Ìyá ò ta gìrì. Bí ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì ló ṣe dáhùn. "Rédíónìkì ni, ọmọ mi. Èèyàn dáadáa ni."

Téèpù ń yí. Òjò méjèèjì ń rọ̀.

"Ẹ ní kó jáde."

Ìyá yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, o gbọ́ ọ."

Mo jáde. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi, n ò rán an níṣẹ́. Mo dúró láàárín àwọn ewúrẹ́ lábẹ́ òrùlé, ẹ̀yìn mi sí ògiri páákó. Ọ̀rọ̀ ń lọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ohùn ìyá ni mò ń gbọ́ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, "Hẹn. Hẹn, ọmọ mi. Ó ti yé mi." Ohùn kejì wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò gbọ́ ohun tó ń wí. Mo lè fi etí kan páákó. Mi ò fi í kàn án. Ẹ̀rù bà mí, ojú ò tì mí láti wí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìyá jáde, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó sùn dáadáa. Mo bi í pé, "Ìyá, kí ló wí?"

"Ó ní kí n má sọ." Ó fọwọ́ kan èjìká mi. "Tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì yẹn fún mi. O ṣeun, ọmọ mi." Ó fi ìborùn bo orí, ó rìn jẹ́jẹ́ wọnú òjò lọ. Òórùn ọṣẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Sikirá ló sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ní bí ìyá ṣe délé, ó wá bá òun ní ibi tí òun ti ń lọ ata, ó fọwọ́ kan yẹtí òun. Ó ní, "Má yọ ọ́. Ẹni tó bá ní kó o yọ ọ́, sọ fún un pé èmi ni mo ní kó o má yọ ọ́. Kó o sì máa se oúnjẹ tó pọ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án. Ọ̀sán ni yóò wọlé." Ó wẹ̀, ó kírun, ó tẹ́ aṣọ tí Ràfíù fi ránṣẹ́ sórí ẹní, ó sùn lé e.

Kò jí.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n péjọ láti kírun òkú fún Ràfíù, ìyá rẹ̀ ni wọ́n kí i fún. Nígbà tí wọ́n wáá ní kí Sikirá yọ yẹtí, ó sọ ohun tí ìyá ní kó sọ, kò sì sí ẹni tó fipá mú un mọ́.

Mo sunkún ìyá náà bí ẹni pé òun ló bí mi. Nígbà tí a ti sin ín dé, mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí n tún gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo sọ fún ara mi pé etí mi ló dún, pé bóyá téèpù ló há díẹ̀, tí òjò sì tan mí. Rédíónìkì ni mí. Mo mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Híhó. Híhó ṣáá. Ohùn Ràfíù ò sí níbi tó yẹ kó wà.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ. "Káàsán, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo wà?"

Ohùn ìyá ni.

Híhó. "Gbogbo wọ́n wà." Híhó. "Ràfíù, ńbo lo wà?" Híhó.

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ibi tí Ràfíù ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ìdákẹ́, gbogbo ibi tó sì fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ohùn ìyá ló kún un. Nínú ẹ̀rọ tí kò lè gba ohùn. Lórí kásẹ́ẹ̀tì tí mo ti ṣẹ́ eyín rẹ̀. Mi ò jẹ́ kó dé ibi tí wọ́n ti ní kí n jáde, mo fa òkúta yọ nídìí ẹ̀rọ náà, mo fi àkísà wé kásẹ́ẹ̀tì, mo gbé e sórí pẹpẹ tó ga jù. Mi ò tíì sọ fún ìyàwó mi pàápàá nígbà yẹn.

Sikirá ń se oúnjẹ tó pọ̀ lójoojúmọ́. Àwọn èèyàn ní orí rẹ̀ ti ń dàrú. Nígbà tí àgbàdo titun ń jáde, tí wọ́n ń sè é kiri lójú títì, ni ọkọ̀ kan já ọkùnrin kan sílẹ̀ lọ́sàn-án ganrínganrín, ó gbẹ bí igi, báàgì kékeré kan wà léjìká rẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ rí i fi agbọ̀n àgbàdo sílẹ̀, wọ́n sá. Sikirá ò sá. Ó bu oúnjẹ fún un.

Ràfíù ni. Kò kú.

Ẹkún tó sun nígbà tó gbọ́ pé ìyá òun ti lọ, àwa tó wà ní àdúgbò kò jẹ́ gbàgbé. Kò jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó dìde, ọ̀dọ̀ mi ló wá. Ó jókòó sórí ìjókòó tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí, láìjẹ́ pé mo fi hàn án.

Ó ní, "Bọ̀dá Rédíónìkì, ibà ló dá mi dùbúlẹ̀ sínú abà kan nínú oko kòkó lẹ́yìn Buaké. Àwọn tó gbà mí sílé ti ń gbẹ́lẹ̀. Mo ń gbọ́ ìró ọkọ́ wọn. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kàn gbóòórùn ọṣẹ. Màámi bi mí pé ńbo ni mo wà." Ó nu imú. "Mo tún gbóòórùn òjé, èyí tẹ́ ẹ fi ń lẹ wáyà. Ìdí nìyẹn tí mo fi bi wọ́n léèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ibà ti lọ lára mi."

N kò tíì sọ nǹkan kan fún un. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Kí lẹ wáá sọ lẹ́yìn tí mo jáde?"

Ó mi orí. "Màámi ní kí n má sọ." Ó wo orí pẹpẹ mi. "Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́?"

Ǹ bá ti sọ pé ó ti sọnù. Ǹ bá ti jó o ní iná. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ta ni mí tí màá fi dù ú? Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, mo tú àkísà, mo ki òkúta bọ ẹ̀rọ. Oòrùn ń ràn lọ́jọ́ náà, ó ń gba àárín páákó wọlé ní ìlà ìlà. Mo tẹ bọ́tìnnì láìṣàlàyé ohunkóhun fún un.

Híhó. Ràfíù tẹ orí ba. Bí ẹni tí kò tiẹ̀ rò ó, ó ní, "Màámi, ẹ káàsán o."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo wà?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Dáadáa ni mo wà, Màámi. Alihamudulilahi. Ará ilé ńkọ́?"

"Gbogbo wọ́n wà."

Ó bọ́ sí i gẹ́ẹ́. Kò yá jù, kò pẹ́ jù. Ràfíù ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pa pọ̀. "Màámi, sàvà?"

Mo ń dúró láti gbọ́ "Ràfíù, ńbo lo wà?" nítorí ohun tí ìyá sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, ó sì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìsìnkú.

"Sàvà, ọmọ mi," ni ẹ̀rọ wí. Mo gbọ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, jẹ́jẹ́ báyìí, "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

Ràfíù gbójú sókè wò mí. Òórùn ọṣẹ kún ṣọ́ọ̀bù títí ó fi ń ta mí lójú.

"Bọ̀dá Rédíónìkì ni, Màámi."

Mi ò dúró kí wọ́n lé mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí ìyá tó sọ ọ́, àmọ́ mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, "Ní kó jáde."

Mo dúró nínú oòrùn, òtútù ń mú mi. Mo ń gbọ́ Ràfíù nínú ṣọ́ọ̀bù, "Hẹn, Màámi. Hẹn. Ó ti yé mi." Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó sùn dáadáa. Ojú kan náà ni. Mo dì í lápá mú, mo ní, "Ràfíù, má sùn lónìí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kí lo gbà fún un?" Ó rọra yọ ọwọ́ mi kúrò. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé ti òun ti tán.

Ó jí lọ́jọ́ kejì. Ó ṣì ń jí títí di òní, Ọlọ́run ṣeun. Kò padà sí Àbíjàn. Ìdí ìkòkò ọṣẹ ìyá rẹ̀ ló jókòó tì, òun àti Sikirá, ọṣẹ náà sì dára bíi ti ìyá. Ẹ má bi mí ní ohun tí àwọn èèyàn ń wí nípa ìyá tó kú àti ọmọ tí kò kú. Ẹ̀yin náà lè rò ó. Mo bi Ràfíù títí ó fi sú u, kò sọ.

Kò mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ. Ó ní Màámi ní kí òun fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

N kò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Mo sì ń rí ẹ̀yin èwe, ẹ ń fi ohùn ránṣẹ́ síra yín lórí fóònù, ẹ ń dá a lóhùn bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà. Ohùn tí ẹ ò mọ ibi tí ẹni tó ni ín wà, ẹ fetí sí i, kó tán síbẹ̀. Ẹ má bi í ní ìbéèrè. Tó bá sì bi yín léèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn sínú ẹ̀rọ, ní ọ̀sán ọjọ́ òjò kan tí ìyàwó mi ò sí nílé. Kò sí ohùn Ràfíù níbẹ̀, kò sí ìbéèrè kankan. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ.

"Rédíónìkì, ọmọ mi, káàsán o."

Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Téèpù ń yí. Mo fa òkúta yọ, n kò dáhùn, n kò sì tíì dáhùn títí di òní. Ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ mi nílé kí àgbà kí mi kí n panu mọ́. Bí òjò wínníwínní bá ti ń rọ̀ lọ́sàn-án báyìí, màá jókòó, màá máa wo àpótí tí mo fi í sí, ahọ́n mi á máa yún mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ò létí. Mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ ní Èjìgbò. Kí ló wáá ń dúró dè?